Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Mi ní Arimogija

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ ti gbọ́ ìròyìn Lọ́ńdọ́ọ̀nù títí ó ti sú yín. Gbogbo ẹni tó bá ti gun ọkọ̀ ojú omi ló ń padà wá fi ọ̀rọ̀ yìnyín dá wa lágara. Èmi kò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀wọ̀ ni mo lọ, mo ti Ọ̀wọ̀ kọjá sí Ìfọ̀n, mo sì ti Ìfọ̀n wọ Arimogija, láàárín Yorùbá bíi tèmi, síbẹ̀ mo jẹ́ àjòjì níbẹ̀ débi pé nígbà mìíràn mi ò mọ ibi tó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí níbẹ̀, bí mo bá dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́la, mi ò rò pé màá rí irú rẹ̀.

Eré ṣẹ́ẹ̀sì ló gbé mi lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o! Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń wí pé, "Ọmọ Ṣódiípọ̀ yìí, wọ́n ní kó lọ kàwé, eré ló ń ṣe kiri." Eré ọlọ́gbọ́n ni. Pátákó kan ni, tó ní ojú dúdú àti ojú funfun. Ènìyàn méjì á jókòó kọjú sí ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀, ayaba, bíṣọ́ọ̀bù, ẹlẹ́ṣin àti àwọn ọmọ ogun, gbogbo wọn jẹ́ igi gbígbẹ́. Ẹni tó bá há ọba ẹnìkejì mọ́ títí kò fi ríbi sá sí, òun ló jẹ.

Ní yunifásítì wa ní Ìbàdàn, bí wọ́n bá ti dárúkọ mi nínú eré yìí, orúkọ kan ló máa ń tẹ̀ lé e: Bẹ́ńjámínì, ọmọ Ọ̀wọ̀. Ilé ibùgbé tirẹ̀ ọ̀tọ̀, tèmi ọ̀tọ̀. Ọjọ́ tí àwa méjèèjì bá máa ta, oúnjẹ á tutù nílé méjèèjì. Bí mo bá jẹ lónìí, òun á jẹ lọ́la. A kì í ṣe ọ̀rẹ́ o, mi ò ní purọ́. Bí a bá pàdé lọ́nà, a ó kí ara wa bí ẹni tó ń kí agbowó-orí.

Ìgbà tó wá ṣe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Góòlù Kóòsì pè wá pé kí a wá bá àwọn ta á. Ènìyàn mẹ́rin ni yóò lọ. Wọ́n ti mú mẹ́ta, ẹnì kẹrin kù, èmi tàbí Bẹ́ńjámínì. Ọjọ́ tó yẹ kí a jọ ta á gan-an ni ibà dá a wó, kó sì tó gbádùn, ìsinmi ti dé, wọ́n ti wá gbé e lọ sílé. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wa ní kí a parí rẹ̀ láàárín ara wa kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, kí ẹni tó bá fìdí rẹmi wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣé èmi yìí, tí mi ò lè mú sùúrù de ẹ̀wà tó wà lórí iná, ni màá wá jókòó sílé títí ìsinmi yóò fi tán? Mo ki pátákó bọ àpò, ó di Ọ̀wọ̀.

*Fìlà*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà gùn yín lórí. Eruku ni, òkè Ìlẹṣà ni, bọ̀lẹ̀kájà tó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àkúrẹ́, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Igi dúró lọ́tùn-ún lósì, ó ga títí ọrùn fi ń dùn mí.

Bí mo ṣe sọ̀ ní gáréèjì Ọ̀wọ̀, mo tún abetí ajá mi dé dáadáa, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá ló dé. Ọkùnrin kan ké sí mi láti òdì kejì:

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣí fìlà yẹn!"

Mo dá a lóhùn pé, "Ta lẹ̀ ń pàṣẹ fún? Ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi rà á ni?"

Àwọn èèyàn yíjú sí mi. Ìyá kan tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìka tọ́ orí ara rẹ̀. Kò wé gèlè. Mo wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà kò wé e. Mo wò yíká gbogbo gáréèjì. Kò sí orí kan tí aṣọ wà lórí rẹ̀, àfi èmi nìkan bí àkùkọ láàárín agbo àgbébọ̀. Mo fa fìlà náà bọ́, mo kì í sápò, ojú sì tì mí gidigidi.

Ìyá náà ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ọdún Igogo la wà. Orọnsẹn ayaba la ń ṣe é fún. Ọjọ́ tó bínú kúrò láàfin, ọjá orí rẹ̀ já bọ́ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi bo orí títí ọdún yóò fi tán. Jókòó, jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan."

Mo jókòó, mo sì jẹ ẹ́. Èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn yí mi ká bí omi, mo ń mú ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta ń sá lọ. Ibi tí àwa ti ń pe Ọ̀wọ̀, inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń pè é jáde: Ọ̀ghọ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n á sọ Yorùbá tó jọ tiwa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fún aláìsàn lẹ́kọ mu.

*Ọba tó dirun*

Ẹnu kò ya Bẹ́ńjámínì rárá nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti yá.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o máa wá. O ò lè mú sùúrù. Mo ti sọ fún Bàbá mi ní Arimogija, wọ́n ní bí o bá dé, kí n mú ọ wá sóko. Wọ́n ní àlejò kì í wá bá ọmọ àwọn jà kí àwọn má rí ojú rẹ̀."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Lónìí kọ́. Lónìí, ọba ń jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ọba. Ọmọ ìlú ọba ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́wọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, mo rí ohun tí mi ò rí rí. Ọba dirun! Wọ́n dirun ọba bí irun ìyàwó tuntun, iyùn sì bo ọrùn àti àyà rẹ̀ títí mi ò fi rí ara. Aṣọ ìdí rẹ̀ fẹ̀ bíi ti obìnrin, ó ń jó, ìjòyè ń jó tẹ̀ lé e, àwọn náà dirun. Kò sí ìlù kankan. Agogo nìkan ni wọ́n ń lù, agogo lórí agogo, ohùn irin náà wọ inú eyín mi lọ. Àgbà kan sọ fún mi pé apá kan nínú ọ̀ṣọ́ yẹn bá ti ààfin Bìní mu, láti ayébáyé. Mo ń mi orí.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ipò rẹ̀ ga jù ní gbogbo ìlú múra bí obìnrin nítorí obìnrin kan tó ti lọ tipẹ́tipẹ́, tí wọn kò rí mú padà, gbogbo ìlú sì dúró láìdé fìlà, wọ́n ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Mo yíjú sí Bẹ́ńjámínì láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, bí a ti máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo gbé yẹ̀yẹ́ mi mì.

*Ilé Bàbá Sámúẹ́lì*

A gba Ìfọ̀n kọjá, ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Arimogija. Kòkó ni lẹ́yìn ilé, kòkó ni níwájú, òórùn rẹ̀ tó ń gbẹ lórí ẹní kún gbogbo afẹ́fẹ́. Bàbá Bẹ́ńjámínì ti ṣe fóòmáànù rí lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà ìjọba. Ó fẹ̀yìn tì, ó wá fi oko ṣe ilé. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó gbẹ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìwọ lo máa ń na ọmọ mi?"

"Òun náà máa ń nà mí, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá fún mi.

Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Bàbá Sámúẹ́lì, tí wọ́n sì ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Sámúẹ́lì. Mo ń retí kí Sámúẹ́lì náà yọjú. Mo ṣáà ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ìyá gúnyán. Iṣu tuntun ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kí ẹ má sì lé mi nílùú: láfún tí a ń jẹ kò tó nǹkan kan níwájú iyán ọjọ́ náà. Ó funfun, ó rọ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òkété yíyan. Ìyá jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ti ń jẹ, Bẹ́ńjámínì sì ń bá mi túmọ̀ ibi tí èdè bá ti ṣòro.

"Jẹun dáadáa. Wọ́n ní ẹ̀yin Ẹ̀gbá kì í jẹ iyán."

"Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ fi ọ̀nà ilé rẹ̀ hàn mí, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Èmi ò mọ eré yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá jẹ ló ń lọ Góòlù Kóòsì. Sámúẹ́lì, àkọ́bí mi, wà níbẹ̀. Ó bá àwọn aláṣọ lọ sí Kúmásì, kò sí ẹni tó gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Bẹ́ńjámínì ṣì wà ní kékeré. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó. Bí Bẹ́ńjámínì bá lọ, á wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ta lo ní níbẹ̀?"

Ta ni mo ní níbẹ̀? Mi ò ní ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo lọ ni. Mo wo Bẹ́ńjámínì, ó ń wo abọ́ rẹ̀. Látọjọ́ tí a ti ń bá ara wa fà á, kò sọ̀rọ̀ yìí fún mi rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti kí i pé ẹ káàárọ̀.

Mo ní, "Mi ò lẹ́nì kankan, Ìyá."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ló wí, ó sì bu ọbẹ̀ kún tèmi.

*Eré náà*

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, a tẹ́ pátákó sábẹ́ àgọ́ kòkó. Àwọn àgbà tó ń tayò níbẹ̀ pa ayò tì, wọ́n wá yí wa ká. Bàbá Sámúẹ́lì gbé àga rẹ̀ jáde. Mo rò pé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ni yóò gbé e sí. Ẹ̀yìn mi ló gbé e wá.

Ara mi kò lélẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yìn mi ni?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ńjámínì ní, "Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe nílé wa. Bí ọ̀rọ̀ bá di tàwa àti àlejò, baálé ilé ló ń ṣe ẹbí àlejò."

Bàbá ní, "Bí o bá jẹ, wọn ò ní sọ pé o jí i jẹ. Bí o kò bá jẹ, wọn ò ní sọ pé a rẹ́ ọ jẹ. Ó yá, sọ òfin eré yìí fún mi."

Mo sọ wọ́n fún un, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé orí èyí tó wí pé igi tí ọwọ́ ẹni bá kàn, òun ló gbọ́dọ̀ gbé, ó ní kí n tún un wí. Nínú ayò tiwọn, ọwọ́ lè wọ ilé, kó ka ọmọ ayò, kó sì jáde láìta á.

"Ti yín le," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ìdákẹ́jẹ́ ni a fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ní Arimogija, ẹnu ni wọ́n fi ń ta á. "Ọ̀pẹ́ ni ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò mọ̀ ọ́n ta!" "Ẹ wo ẹṣin yẹn, ó ti yarọ!" "Ọmọ Ẹ̀gbá, sá o, wọ́n ń bọ̀!" Wọn kò mọ ìdí eré náà, síbẹ̀ wọ́n mọ ẹni tó ń fìdí rẹmi. Èmi ni. Bẹ́ńjámínì ń ta ọ̀nà tí mi ò rí i kó ta rí. Ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù mi kan, ó lé ayaba mi kiri, ó tì mí mọ́ igun. Òógùn bò mí. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi tó ti ń yí kòkó, mo sì mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ agégẹdú kan gba ojú ọ̀nà kọjá. Ilẹ̀ mì. Igi ìrókò kan ṣoṣo ló rù, ó tóbi ju ilé tí mo sùn sí lọ. Èmi àti àwọn àgbà yíjú, a lanu. Mi ò rí irú igi bẹ́ẹ̀ láyé mi! Mo ń wò ó títí eruku fi bò ó.

Nígbà tí mo yíjú padà, Bẹ́ńjámínì ti ta. Ẹlẹ́ṣin ló gbé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ti parí. Ibikíbi tí mo bá gbé ọba mi sí, yóò há. Mo mí kanlẹ̀, mo fẹ́ na ọwọ́ sí i láti gbà pé ó jẹ.

"Bẹ́ńjámínì," ohùn kan wí lẹ́yìn mi.

"Bàbá."

"Ẹlẹ́ṣin kọ́ ni ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ kàn. Bíṣọ́ọ̀bù ni. O dì í mú, o wò ó, o fi sílẹ̀."

Orin tó wà lẹ́yìn dáwọ́ dúró.

Ìyá ké pé, "Bàbá Sámúẹ́lì! Ta ló bi yín?"

"Ibi tí mo jókòó sí ló bi mí."

Mo dìde dúró. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo ní, "Bàbá, èmi kò rí i. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o kò rí i. Nítorí náà ni mo ṣe wà lẹ́yìn rẹ. Jókòó."

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé kò wo ìyàwó rẹ̀, kò wo ọmọ rẹ̀, pátákó nìkan ló ń wò. Mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó ju èyí tó bà mí níwájú ọba tó dirun lọ.

Bẹ́ńjámínì lè sẹ́. Èmi kò rí i, àwọn àgbà kò rí i, bàbá rẹ̀ nìkan ni. Ó ní, "Mo fọwọ́ kàn án. Ayò tí mo ti ń ta láti ìgbà tí mo ti dé ló wọ̀ mí lọ́wọ́." Ó gbé ẹlẹ́ṣin padà sáyè rẹ̀, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe gbé e kúrò báyìí, ilẹ̀kùn ọba rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayau.

Ọwọ́ mi kò lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ta á dáadáa. Bí o bá fi ṣàánú mi níwájú Bàbá mi, mi ò ní dárí jì ọ́ láéláé."

Mo ta á dáadáa. Kò pẹ́ tí ọba rẹ̀ fi há.

Kò sí ẹni tó sọ pé "ọ̀pẹ́". Bàbá Sámúẹ́lì dìde lẹ́yìn mi, ó gbé ọwọ́ mi sókè níwájú gbogbo wọn bí ẹbí ẹni ti ń ṣe, ó sì wí pé, "A jẹ." Lẹ́yìn náà ló gbé àga rẹ̀ wọlé.

Ìyá kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n iyán dé, ẹran tèmi ló sì tóbi jù. Mi ò lè jẹ ẹ́. Mo kàn ń fi ọwọ́ tò ó yíká abọ́ ni.

*Ojú ọ̀nà*

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sìn mí dé ojú ọ̀nà. Mo ti rò ó títí, mo ti pinnu. Mo ní, "Bàbá, màá sọ fún wọn ní Ìbàdàn pé kí Bẹ́ńjámínì lọ dípò mi."

Bẹ́ńjámínì ní, "Mi ò lọ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fìdí rẹmi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Màá sọ ọ́."

Bàbá ní, "O gbọ́ ohun tó wí. Ìwọ ni yóò lọ. Mo ti jókòó sẹ́yìn rẹ, ọmọ mi ni ọ́. Ṣé o ò ní bá mi béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ ní Kúmásì?"

Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Màá béèrè rẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe dá a mọ̀?"

"A ò ní fọ́tò rẹ̀," ló wí. Ó di Bẹ́ńjámínì léjìká mú, ó yí i sí mi. "Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì gbé wáyé. Sámúẹ́lì ti dàgbà sí i báyìí, ṣùgbọ́n iwájú orí kì í yí padà. Wò ó dáadáa."

Ìgbà náà ni Ìyá wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó di àgbọ̀n Bẹ́ńjámínì mú, ó yí i sápá kan kí n lè rí etí rẹ̀, ó tún yí i sápá kejì. "Bí etí Sámúẹ́lì náà ṣe rí nìyí. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sápá òsì. Rẹ́rìn-ín, Bẹ́ńjámínì, kó rí i."

Bẹ́ńjámínì, tí kò rẹ́rìn-ín fún mi rí láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa, dúró láàárín àwọn òbí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń rẹ́rìn-ín náà.

Ọkọ̀ ti dé. Dẹ́rẹ́bà ń pariwo pé kí n wọlé. Mo ní kó ṣe sùúrù, mi ò tíì wò ó tán.